Bí a ṣe ń gba ohun táwọn èèyàn nílò sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tuntun

Tí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí Google Form. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù ba iṣẹ́ jẹ́, ìdáhùn rẹpẹtẹ, gbogbo ẹ̀ "a fẹ́ kí àwòrán mọ́ dáadáa". Íńjíníà wo ló fẹ́ fi ìyẹn kọ́ nǹkan?

Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn tó ń lò ó sílẹ̀: àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, apẹja, àgbẹ̀, àwọn tó ń rí sí omíyalé. Ìyẹn ò le. Ẹ lọ bá wọn níbi iṣẹ́ o, ẹ má pè wọ́n wá sí hótẹ́ẹ̀lì, torí ní hótẹ́ẹ̀lì ọ̀gá wọn nìkan ló máa sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè gan-an ló ń bàjẹ́. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé kí lẹ fẹ́ kí sátẹ́láìtì ṣe. Ohun tí mo bi apẹja kan ní etíkun Ìlàjẹ ni pé, "Bàbá, ìjì tó ká yín mọ́ ojú omi kẹ́yìn, báwo ló ṣe lọ?" Ó ní kí òun tó kó àwọ̀n kí òun sì dé èbúté, ìṣẹ́jú 40 ni. Bàbá ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ pixel, ṣùgbọ́n ó ti sọ gbogbo ẹ̀ tán: ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú 40 ṣáájú ìjì.

Oríṣi àkókò méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀: ìṣẹ́jú mélòó mélòó ni wọ́n ń ya àwòrán, àti ìṣẹ́jú mélòó kí ìkìlọ̀ tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Meteosat, ìyẹn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ àwọn ará Yúróòpù, ìran kejì ẹ̀ ń ya gbogbo Áfíríkà ní ìṣẹ́jú 15-15, ìran kẹta tí àkọ́kọ́ ẹ̀ gòkè ní December 2022 ń yà á ní 10-10. Ó dáa. Àmọ́ tí ìjì bá ń sáré 60 km ní wákàtí kan, tí ìkìlọ̀ wá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 30, ìjì ti rin 30 km, kí ló kù fún bàbá?

Nọ́ńbà mẹ́ta ni WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, máa ń fẹ́ fún ohun kọ̀ọ̀kan táwọn èèyàn nílò: èyí tó jẹ́ pé tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ kò wúlò rárá, èyí tó máa mú iṣẹ́ dáa gan-an, àtèyí tó jẹ́ pé tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò sí àǹfààní kankan mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan làwọn èèyàn máa ń sọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ́n tèmi ni kí n máa fi ìṣẹ́jú kún un: tó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 10 ńkọ́? 20 ńkọ́? Ìgbà tí ẹni tí mò ń bi bá pòṣé pé "ẹ máa gbé e lọ", ibẹ̀ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà, ẹ kọ ọ́ kíá.

Tówó bá wà, wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé àwòrán tuntun. Tèmi, mo máa ń tẹ àwòrán Meteosat ọjọ́ òjò kan sórí bébà, mo á fi ọ̀kan pamọ́ láàárín méjì kó lè dà bíi pé sátẹ́láìtì ò tètè yà á, mo á ní kí ẹni tí mò ń bi sọ ibi tí òjò ń lọ. Ìwé ẹ̀ṣáásáìsì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, fóònù máa ń kú.

Ẹ má ṣèlérí. Ọdún 2001 ni EUMETSAT ní Jámánì, àjọ tó ni Meteosat, ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nítorí ìran kẹta yẹn, nítorí náà ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ náà, àgbà tẹ́ ẹ̀ ń bi lè ti fẹ̀yìn tì kó tó gòkè.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi voice note kà á padà fún wọn. Bàbá apẹja yẹn gbọ́ ọ, ló bá ní, "Ah, ìṣẹ́jú 40 yẹn, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ ni o. Tó bá jẹ́ àjẹ̀, 90 ni." Mo pa 40 rẹ́.