Bí mo ṣe tọ́jú ikọ́ ife pọ̀ mọ́ àtọ̀gbẹ fún oṣù 6

Màmá kan wá sí kíliníkì wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn sì wá fi hàn pé ikọ́ ife tún wà lára wọn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣúgà di ọjọ́ mìíràn. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara kì í lè bá kòkòrò ikọ́ jà bó ṣe yẹ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pẹ́ kó tó mọ́, àìsàn náà sì lè padà wá lẹ́yìn tí oògùn bá ti tán.

Kí n tó gún ìka wọn, mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Omi máńgòrò tó bá kù lára ìka tó láti mú kí ẹ̀rọ pe iye tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ ife tí kò mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ náà, à ń yẹ̀ ẹ́ wò: 126 mg/dl sókè láìtíì jẹun àárọ̀ jẹ́ àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife fúnra rẹ̀ a máa gbé ṣúgà sókè, nítorí náà mo máa ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bí oṣù 3.

Màmá náà wọ̀n tó kílò 58, hóró oògùn alápapọ̀ 4 ni wọ́n sì ń lò lójúmọ́ fún oṣù 2: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol ló wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Fún oṣù 4 tó tẹ̀ lé e, rifampicin àti isoniazid nìkan ló kù. Mo fi pyridoxine (fítámì B6) 25 mg kún un, torí isoniazid a máa mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, iṣẹ́ kan náà tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Mo tún yẹ ojú wọn wò kí wọ́n tó gbé ethambutol mì. Àìṣe bẹ́ẹ̀, bí ojú bá ṣú lẹ́yìn náà, a ò ní mọ̀ bóyá ethambutol ni tàbí àtọ̀gbẹ ló fà á.

Rifampicin ló gba àkíyèsí jù. Glibenclamide ni wọ́n ń lò fún ṣúgà, rifampicin sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ glibenclamide dànù. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ṣúgà àárọ̀ wọn ti kọjá 200. Wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, oògùn yín ló ń gbé ṣúgà mi sókè, ẹ jẹ́ n dá a dúró ná.” Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi oògùn ikọ́ sílẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìkankan dúró, oògùn ṣúgà la máa pààrọ̀.” Dókítà yẹ kíndìnrín wọn wò, ó sì gbé wọn sórí metformin: 500 mg pẹ̀lú oúnjẹ, tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Rifampicin kì í fọ́ metformin bẹ́ẹ̀, kì í sì í fọ́ insulin.

Wọ́n ń fi omi lo oògùn ikọ́ ní aago 6 àárọ̀, wọ́n á jẹun ní aago 7, wọ́n á wá lo metformin. Ìtọ̀ tó pọ́n kì í ṣe ewu, rifampicin ló ń fà á. Bí èébì bá wá pẹ̀lú ẹyinjú tó pọ́n bí ìyeyè, kí wọ́n tètè wá, ẹ̀dọ̀ ni.

Àwọn ọmọ wọn ń ra móòtì àti gúlúkóòsì kí wọ́n lè lókun. Mo ní kí wọ́n fi owó yẹn ra ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà. Aláìsàn ikọ́ ò gbọ́dọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ṣúgà.

Ní ìparí oṣù 2, kòkòrò ṣì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn. Ní oṣù 3, kò sí mọ́. Microscope la fi wò ó, torí GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá àbùdá kòkòrò ikọ́ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, lè rí òkú kòkòrò, kó sì kà á mọ́ alààyè. Oṣù 5 àti ìparí oṣù 6 náà mọ́.

Ẹni tí wọ́n bá fi kún glibenclamide rẹ̀ nítorí rifampicin gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà bí oògùn ikọ́ bá ṣe ń tán, torí láàárín bí ọ̀sẹ̀ 2, glibenclamide yóò tún lágbára, ṣúgà á sì já wálẹ̀. Bí òógùn tútù bá bò ó, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, kó jẹ hóró ṣúgà 3 tàbí 4 lójú ẹsẹ̀, kó sì tún ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.