Àlòkù títì, òjò àti èmi

Ọ̀gá mi ní kí n fi àlòkù ìdá 20 nínú 100 sínú àpòpọ̀ tá a fẹ́ tẹ́ sójú títì. Àlòkù tí mò ń wí ni ọ̀dà tòun tòkúta tí ẹ̀rọ hó kúrò lójú títì tó ti gbó. Àwọn kan ń pè é ní pàǹtí. Èmi ò gbà, torí owó ọ̀dà ṣì wà nínú ẹ̀.

Mo fọ́ ọ, mo jọ̀ ọ́. Mo wọn díẹ̀, mo jó o nínú ààrò oníná mànàmáná ní 538°C títí ọ̀dà ara rẹ̀ fi jó tán, mo tún òkúta tó ṣẹ́kù wọ̀n. Ìdá 5 nínú 100 ló fi dín: ọ̀dà nìyẹn. Ìṣirò wá rọrùn. Àpòpọ̀ 1,000 kílò ń fẹ́ ọ̀dà 50 kílò; àlòkù 200 kílò ti gbé 10 wá látilé, 40 péré ni mo máa fi kún un.

Iná ò gbọdọ̀ kan àlòkù lójúkojú. Bó bá kàn án, èéfín búlúù á yọ, ọ̀dà á jóná. Òkúta tuntun la máa ń yan nínú àgbá ńlá tó ń yí, kó gbóná gan-an. Àárín àgbá ni àlòkù ti ń wọlé, ooru òkúta ló sì ń yọ́ ọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mo ń retí 155°C lẹ́nu àgbá. 128 ni mo rí. Mo bu díẹ̀ sórí ṣọ́bìrì: òkúta dúdú lápá kan, ó funfun lápá kejì, bí ilé tí ọ̀lẹ kùn. A dá odindi típà kan padà.

Mo sáré lọ sídìí òkìtì àlòkù, mo bu 1,000 gíráàmù, mo yan án gbẹ. 945 ló kù. Omi 55! Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti rin ín gbingbin. Gbogbo iná tá à ń dá, omi la fi ń sè.

Tapólì ni mo kọ́kọ́ fi bò ó. Àṣìṣe nìyẹn náà: ńṣe ló ń làágùn lábẹ́ ẹ̀. Òrùlé páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló gbà wá, pẹ̀lú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi ń gbà ṣàn lọ. Apá òkè ilẹ̀ náà la ti ń bù ú.

Nígbà tá a tún un pò, 156°C ló jáde, ó dúdú minimini. Ọ̀dà tó gbó máa ń gan, nítorí náà mo ní kí róólà tẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ẹ tímọ́tímọ́ kó tó tutù. Ọ̀gá ti ń bèèrè ìdá 40 báyìí. Mo ní kí wọ́n kọ́ òrùlé kejì ná, kí wọ́n sì wá ọ̀dà tó rọ̀ ju èyí tá à ń lò lọ.