Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Lọ́yà Tó Mọṣẹ́ Bí Ẹ Bá Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé òṣìṣẹ́ níka, tàbí tó já bọ́ látorí ilé tí wọ́n ń kọ́, ni ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní Nàìjíríà, òfin Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 fún ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá tàbí mánéjà létí. Ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí (àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa), ẹni tó fara pa sì gbọ́dọ̀ béèrè owó gbà-má-bínú kí ọdún kan tó pé. Nítorí náà, ẹ má dúró de lọ́yà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí íméèlì kí ọjọ́ àti aago lè hàn lórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣeé sẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ló nílò lọ́yà. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF bí òfin ṣe wí, tí wọ́n gbà pé ẹnu iṣẹ́ lẹ ti fara pa, tí wọ́n sì bá yín kọ ìwé rẹ̀, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì NSITF fúnra yín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ìdá kan nínú owó yẹn nítorí pé ó bá yín kọ fọ́ọ̀mù.

Ibi tí lọ́yà ti di dandan ni kí ọ̀gá máa sọ pé kásúà (òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀) lásán ni yín, ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun. Irọ́ ni. Òfin náà ka kásúà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ẹ tún nílò lọ́yà bí NSITF bá kọ ẹ̀bẹ̀ yín tàbí tí owó tí wọ́n ṣírò kéré jù. Àwọn ni ẹ ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí ikú bá sì wọ̀ ọ́, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù olóògbé. Owó báyìí kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí.

Èyí tó ń pa èèyàn lára jù ni kó jẹ́ pé ará ìta ló fa jàǹbá náà, bíi kí táńkà ilé-iṣẹ́ mìíràn gbá yín nígbà tí ẹ ń gbé ẹrù ọ̀gá yín. Òfin fi owó NSITF rọ́pò ẹjọ́ àìbìkítà tí ẹ bá fẹ́ pe ọ̀gá yín, àmọ́ ní ti ará ìta, ẹ ní láti yan ọ̀kan: kí ẹ gba owó NSITF, tàbí kí ẹ pe onítáńkà lẹ́jọ́. Ìwé tí ẹ bá fi béèrè owó lè di yíyàn yín. Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ni, ẹ sáré, torí òfin Public Officers Protection Act lè ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ lẹ́yìn oṣù 3.

Bí ilé-iṣẹ́ bá sì gbé owó péńpé wá pẹ̀lú ìwé tó ní ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀, síbẹ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ á fi ẹjọ́ falẹ̀.

Láti rí lọ́yà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín tàbí ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò NBA tó wà nílùú yín. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó wà nínú ìwé orúkọ agbẹjọ́rò ní Supreme Court. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé òun fẹ́ gba ẹjọ́ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òfin iṣẹ́ wọn lòdì sí i. Ẹ bi lọ́yà tí ẹ bá fẹ́ gbà pé ẹjọ́ mélòó irú èyí ló ti ṣe ní National Industrial Court, kó sì fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè lọ yẹ̀ wò ní rẹ́jísírì. Lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dáadáa lè má mọ bí a ṣe ń bi dókítà ní ìbéèrè ní kóòtù nípa ọgbẹ́ yín.

Ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ (bí kò bá sí, álẹ́ẹ̀tì owó-oṣù láti báńkì), fọ́tò, rìsíìtì, orúkọ àti fóònù ẹlẹ́rìí méjì, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ìwé dókítà yìí ló ṣe kókó jù. Èyí tó kàn sọ pé wọ́n tọ́jú yín, wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ sílé, kò tó. Kí dókítà kọ ohun tó fa ọgbẹ́ náà, iye ọjọ́ tí ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́, àti bóyá àbùkù náà máa wà títí ayé, kó sì sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ní ti owó, òfin iṣẹ́ wọn gbà kí lọ́yà gba ìdá kan nínú owó tí ẹ bá gbà, bí kò bá ti pọ̀ jù. Kí ó wà nínú ìwé: ìdá mélòó, ṣé kí a tó yọ ìnáwó ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ta ló máa san owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti owó dókítà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pàdánù tàbí tí ẹ gba lọ́yà mìíràn. Owó yín gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì tí lọ́yà yà sọ́tọ̀ fún owó oníbàárà, kì í ṣe àkáǹtì ara rẹ̀. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí yóò fi san án fún yín. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council, tàbí Office of the Public Defender bó bá wà ní Èkó.

Lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti wọlé, ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fi sílẹ̀ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kàn. Bí lọ́yà bá gba owó yín tó sì sá, NBA ni ẹ ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí.