Bí mo ṣe fi Yorùbá ṣe kọ́mẹ́ńtrì gọ́ọ̀fù

Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n gbọ́ gọ́ọ̀fù lédè wa, mi ò rí ẹni tó ń ṣe é, ni mo bá gbé fóònù mi. Fídíò tí mo mú ni ti ihò kẹrìndínlógún nínú méjìdínlógún ní pápá Augusta, níbi Masters 2005, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Tiger Woods fi gbígbá ẹyọ kan péré ṣíwájú Chris DiMarco, bọ́ọ̀lù ẹ̀ sì ti kọjá green, ìyẹn ilẹ̀ koríko kúkurú tí ihò wà, lápá òsì.

Mo kọ́kọ́ pa ohùn ẹ̀, mo wá kọ nǹkan tí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ò lè rí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ, gbogbo ayé ló rí yẹn! Àmọ́ kámẹ́rà máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ dà bíi pé ó tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ green yẹn dagẹ̀rẹ́ gan-an, Tiger ò lè gbá a tààrà sí ihò, àfi kó gbá a sókè kó fúnra ẹ̀ ṣẹ́rí padà wálẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ kó tó gbá a, lẹ́yìn náà mo panu mọ́.

Ibẹ̀ ló le jù o, torí àwa tá a fi etí rédíò dàgbà, a gbà pé tí ẹnu kọ́mẹ́ńtétọ̀ bá dákẹ́ iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù yẹn dúró létí ihò bí ẹni ń ronú, kó tó jábọ́ sínú. Mo wá tan ohùn Verne Lundquist, kọ́mẹ́ńtétọ̀ tẹlifíṣọ̀n CBS ti Amẹ́ríkà tó ṣe é lọ́jọ́ náà, kò ṣàlàyé nǹkan kan, ó kàn kígbe, ó ní ṣé ẹ ti rí irú eléyìí rí láyé yín, ó sì jẹ́ kí ariwo èrò máa dún lọ. Ọ̀gá ni!

Mo gbé tèmi fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kì í wo gọ́ọ̀fù, wọ́n ní "ṣé ó ti gba ife nìyẹn?" Ìbéèrè gidi, torí ihò méjì ṣì kù, DiMarco sì padà bá a dọ́gba níbẹ̀, playoff, ìyẹn àfikún ihò tí wọ́n fi ń yanjú ọ̀mì, ni Tiger ti wá borí. Mo fi iye tí kálukú ní àti ihò tó kù sí i.

Èyí tó kàn ni ìdíje The Open ní pápá Carnoustie, ní Scotland, lọ́dún 1999, Jean van de Velde fi gbígbá ẹyọ mẹ́ta ṣíwájú ní ihò tó kẹ́yìn, ó bọ́ bàtà ẹ̀ ó wọ odò, Paul Lawrie ló gbé ife lọ. Peter Alliss ló wà nídìí ẹ̀rọ BBC, òun fúnra ẹ̀ gbá Ryder Cup, ìdíje ńlá tí ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù méjì fi ń kojú ara wọn, lẹ́ẹ̀mẹjọ, torí ẹ̀ tó bá ní ohun tẹ́nì kan ń ṣe ò bọ́gbọ́n mu, a máa ń gbà á gbọ́ nígbà ayé ẹ̀. Èmi ò gbá irú ẹ̀ rí, àánú van de Velde ni màá fi ṣe tèmi.