Sítíkà Ara Ìgò: Ẹ Bo Ojú Rẹ̀ Kí Omi Tó Kàn Án

Ẹni tó ń fún oyin tàbí tó ń se sóbò tà, tó sì ti ní pírińtà nílé, kò nílò kí a máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló mú wa kọ ìwé pélébé yìí, ó sì ti ń pa àwọn èèyàn wa lówó.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ tí à ń bá ṣiṣẹ́ gbé sóbò lọ sọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìgò rẹ̀ mọ́, sítíkà ara wọn sì dùn ún wò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tẹ̀ ẹ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n kó ìgò sínú kúlà, wọ́n da yìnyín lé e. Kí oòrùn tó mú, yìnyín ti di omi. Oníbàárà àkọ́kọ́ fa ìgò kan yọ, àwọ̀ pupa sì ṣàn láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Orúkọ ọjà ti di àbàwọ́n, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò ṣeé kà mọ́. Ó dá ìgò padà, ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, mi ò mọ ohun tó wà nínú eléyìí mọ́." Sóbò yẹn kò ní àbùkù kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹrù náà ló padà wálé.

Wọn kò bo ojú sítíkà. Àṣìṣe tí à ń rí láti Ọ̀bàntókò títí dé Lafẹ́nwá nìyẹn: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ó tán lójú tiwọn. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí lọ́dún 1859 ni Abẹ́òkúta. Kò yẹ kó jẹ́ àwa ni ọjà wa yóò máa gbé íǹkì sí ọmọlọ́mọ lọ́wọ́.

Púpọ̀ nínú pírińtà ilé ló jẹ́ inkjet, tó ń lo íǹkì olómi, omi ló sì ń tú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú íǹkì wọn. Ti lésà yàtọ̀: ìyẹ̀fun tónà ló ń fi ooru yọ́ mọ́ bébà, omi kì í tú u. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ní, kó tẹ ojú ewé kan, kó jẹ́ kó gbẹ, kó kán omi lé e lórí, kó ka 60, kó wá fi ìka fà á. Bí àwọ̀ bá tẹ̀lé ìka, inkjet ni ẹ kà á sí. Bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ má tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀ láìbò, torí bébà fúnra rẹ̀ ń mumi. Kí ẹ sì ka ara páálí bébà sítíkà kí ẹ tó rà á. Èyí tó jẹ́ ike, tí wọ́n ṣe fún inkjet, kò gbọ́dọ̀ wọ inú lésà láé. Ooru á yọ́ ọ mọ́ ẹ̀rọ nínú.

Ìwọ̀n tí a fẹ́ kí ẹ lò ni 60 mm ní ìbú, 40 mm ní gíga. Lórí bébà A4, ẹ fi 10 mm sílẹ̀ létí yíká, kí ẹ sì fi 5 mm pín sítíkà kan sí èkejì. Mẹ́ta á gba ìbú, mẹ́fà á gba gígùn, 18 lórí bébà kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Actual size" tàbí 100%. Bí ẹ bá yan "Fit to page", ẹ̀rọ á sún ìwọ̀n yín kì.

Nítorí sẹ́lótéèpù funfun gbàǹgbà la ṣe mú 40 mm. Èyí tó fẹ̀ tó 48 mm ni kí ẹ rà, èyí tó mọ́ kedere bí omi, kì í ṣe aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń di páálí. Ẹ jẹ́ kí sítíkà gbẹ fún wákàtí 24 lẹ́yìn títẹ̀. Wákàtí 24 la wí o. Íǹkì tó gbẹ lójú lè ṣì tutù nínú, bí ẹ bá sì bò ó báyẹn, á fọ́n ká lábẹ́ téèpù. Lẹ́yìn náà ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, kí ẹ wá gé téèpù ní 68 mm, kí ẹ fi bò ó kí 4 mm lè yọ lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Etí tó yọ yìí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ìgò gan-an. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Etí bébà ni omi ń gbà wọlé, bó ṣe ń gun àkísà tí ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ kan omi. A ti rí àwọn tó fi téèpù bo àárín dáadáa tí wọ́n wá ré etí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú bébà nítorí ẹwà. Asán ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ má sì so téèpù méjì pọ̀ lójú sítíkà kan. Ojú oríkèé wọn á jò.

Ẹni tó bá fẹ́ lo fáníìṣì inú agolo tí wọ́n ń fọ́n (spray) dípò téèpù, kó gbé agolo jìnnà sí sítíkà ní 25 cm, kó fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó fi ìṣẹ́jú 15 sáàárín. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe nítòsí iná ìdáná. Bí ẹ bá da á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á tú íǹkì.

Àwọn kan ń fi láfún ro lẹ́ẹ̀, wọ́n fi ń lẹ bébà lásán. Ó dára lára ìgò onígíláàsì tí ohun gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Kì í dúró lára ike, kò sì gbọ́dọ̀ rí omi. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá rẹ aṣọ sómi tán, ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ro náà ni wọ́n ń ha kúrò.

Ẹ lẹ sítíkà kí ẹ tó rọ nǹkan sínú ìgò, pàápàá ẹ̀yin elépo pupa. Ẹ̀kán epo kan ti tó láti mú kó ṣí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi òwú tó mu sípírítì nù ún. Ẹ fi ọwọ́ tẹ sítíkà mọ́ ìgò láti àárín lọ sí etí, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó rí yìnyín.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀: orúkọ ọjà, ohun tí ẹ fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ ní g tàbí ml, orúkọ àti àdírẹ́sì yín, nọ́ńbà ìpele (batch number), ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ẹ ò bá tíì gba nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì sí i. Irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹni tó jẹ ẹ́ tí inú bá run kò sì ní mọ ẹni tí yóò bi. Ẹ fi báírò lásán kọ ọjọ́ kí ẹ tó fi téèpù bò ó, ẹ má lo báírò jẹ́ẹ̀lì, torí omi sábà máa ń tú tirẹ̀ náà.

Kí ẹ tó tẹ bébà kejì, ẹ mú ìgò kan tí ẹ ti lẹ̀, ẹ tì í bọ inú abọ́ omi àti yìnyín fún wákàtí méjì. Ẹ fi àtàǹpàkò fa etí rẹ̀. Bí bébà bá ti ṣókùnkùn níbì kan létí, ibẹ̀ ni téèpù kò ti lẹ̀ mọ́ ìgò. Ẹ ṣí i, ẹ nu ìgò, kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kó ìyókù lọ sọ́jà.