Nígbà Tí Ìlà Bá Ń Yọ Láàárín Bátànì Àdìrẹ Tí A Yà Sórí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Mo ya ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan nínú GIMP, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ẹyọ kan ṣoṣo tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1024. Kò sí àbùkù lára rẹ̀ nígbà tí ó dá wà, ṣùgbọ́n bí mo ti tò ó kún ojú ewé, ìlà ń yọ níbi tí ẹyọ kan ti pàdé ìkejì, ewé tí mo yà sí etí sì gé sí méjì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Etí ọ̀tún ẹyọ náà ni yóò fara kan etí òsì èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì kan òkè èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ohun tí ó wà ní etí méjèèjì kò bá bára mu, ojú ìsopọ̀ kò lè ṣàì hàn. Ẹ gbé etí náà wá sí àárín, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì yín ti lè tún un ṣe. Ẹ lọ sí Layer, ẹ yan Transform, kí ẹ sì tẹ Offset. Ẹ fi 512 sí X, ẹ fi 512 sí Y, kí ẹ sì rí i dájú pé Wrap around ni ẹ yàn, nítorí òun ni ó ń mú kí ohun tí ó bá jáde lápá ọ̀tún gba apá òsì wọlé padà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wá pàdé ní àárín gbùngbùn, ẹ ó sì rí ojú ìsopọ̀ náà bí àgbélébùú. Ẹ fi irinṣẹ́ Clone tàbí Heal, tí ń fi àwọ̀ ibòmíràn nínú àwòrán bo ibi tí ó bàjẹ́, pa á rẹ́, ẹ parí ewé tí ó gé, ẹ so ìlà tí ó já, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan etí àwòrán mọ́, torí pé àárín àtijọ́ ni ó di etí báyìí, ó sì ti bára mu. Lójú tèmi, ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ yóò gbádùn Krita, sọ́fítíwíà ìyàwòrán mìíràn, ju GIMP lọ: bí ó bá tẹ W, bátànì náà yóò máa tò ara rẹ̀ bí ó ti ń yà á lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe Offset, síbẹ̀ ìlà tín-ín-rín kan ṣì wà.

Ìdáhùn: Lẹ́yà, ìyẹn ìpele kan lára àwọn tí a tò léra di àwòrán, ni Offset ń yí, kì í ṣe gbogbo àwòrán. Bí lẹ́yà náà bá tóbi ju ojú àwòrán lọ tàbí tí ó kéré sí i, ẹ kọ́kọ́ tẹ Layer to Image Size, kí ẹ kun ibi tí ó bá ṣófo, kí ẹ tó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ dín ẹyọ náà kù lẹ́yìn tí ẹ parí rẹ̀ ni ìlà náà dé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti dín àwòrán kù, sọ́fítíwíà a máa po àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan mọ́ ti àwọn tí ó yí i ká, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà létí kò ní aládùúgbò lápá kan, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ yóò yẹ̀ díẹ̀. Ẹ lo Tile, tí ó wà lábẹ́ Filters àti Map, láti tò ó ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta kí ó di 3072. Ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí 1536, kí ẹ wá gé ẹyọ àárín jáde, láti 512 dé 1024 ní ìbú àti ní òró.

Ìbéèrè: Ṣé Tile Seamless, tí òun náà wà lábẹ́ Filters àti Map, kò lè ṣe gbogbo wàhálà yìí lẹ́ẹ̀kan?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é fún iyanrìn tàbí àbàwọ́n aró. Ẹ̀dà àwòrán yín ni ó ń sún sípò mìíràn tí ó sì ń pò mọ́ ti àkọ́kọ́. Fún ọnà onílà bí Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí wà nínú rẹ̀, ó ń bà á jẹ́ ni: òpó kan á di méjì, ọ̀kan á sì máa hàn fìrífìrí lẹ́yìn èkejì.

Ìbéèrè: Ó ti so pọ̀ dáadáa, àmọ́ ó jọ òǹtẹ̀ tí a tẹ̀ léra, kò jọ àdìrẹ.

Ìdáhùn: Àwọn ìyá tí ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kì í ya igun kan kí ó bá èkejì mu délẹ̀délẹ̀. Ẹ ṣí ojú àwòrán 2048, ẹ pín in sí igun mẹ́rin, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya ọnà kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìkọ̀ọ̀kan; ẹ má ṣe dà á kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 1024 ṣe Offset bí a ti ṣàlàyé. Ẹ yẹ àwọ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ sí, aró sì ń gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí náà ibi tí ẹ̀kọ bò kì í funfun báláú, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá pààrọ̀ funfun yẹn nìkan, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ìbéèrè: Irú fáìlì wo ni kí n gbé fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ?

Ìdáhùn: PNG tàbí TIFF ni. JPEG a máa fún àwòrán pọ̀ ní igun kéékèèké oní-píksẹ́lì 8, ó sì lè dá ìlà tí ẹ ti pa rẹ́ padà. Bí wọ́n bá fi píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan, ẹyọ 2048 yóò gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ èyí tí kò ju ìwọ̀n àǹkáṣíìfù lọ fún yín, nítorí pé búlúù tí ó dúdú lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣú tàbí kí ó pọ́n díẹ̀ bí ó bá di yíǹkì.