Bí Ayàwòrán Ṣe Lè Máa Rí Ìmísí Nínú Ohun Ojoojúmọ́

Ayàwòrán tó gbé bébà funfun síwájú, tó wá ń retí kí nǹkan sọ sí òun lọ́kàn, ibi tí kò sí nǹkan kan ló ń wò. Ohun tí ọwọ́ ń yà, ojú ló ti kó o pa mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ojú kò bá kó nǹkan jọ láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ kò ní rí nǹkan mú lọ́jọ́ iṣẹ́. Ìkójọ yẹn la fẹ́ ṣàlàyé: bí ẹ ṣe máa wo nǹkan, bí ẹ ṣe máa tọ́jú ohun tí ẹ rí, àti bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

Ìwé kékeré kan tó wọ àpò, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, 15 ní gígùn. Pẹ́ńsù 2B kan. Pẹ́ńsù H le jù, kì í dúdú dáadáa. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, rúlà, àti abẹ. Ẹ má ra ìwé olówó gọbọi o. Ìwé tó bá lẹ́wà jù máa ń dẹ́rù ba ọwọ́: èèyàn á máa ṣọ́ra kó má bàa bà á jẹ́, ìwé á sì wà lófìfo. Ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ sílé. Bí ìlà kan bá ṣì, ẹ fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

1. Ẹ fi páálí ṣe fèrèsé

Ẹ gé ihò onígun mẹ́rin sáàárín páálí náà, sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú, 7 ní gígùn. Ẹ na ọwọ́ tí ẹ fi mú un, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ojú kejì wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá fà á sún mọ́ ojú, ohun púpọ̀ á wọlé. Tí ẹ bá tì í jìnnà, díẹ̀ ló máa kù. Àga tó ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá láti ọjọ́ pípẹ́ lè má sọ nǹkan kan fún yín mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn lè tó odidi àwòrán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gbé nǹkan sí àárín gbùngbùn, kí àyè òfìfo wá yí i ká. Ẹ máa sún fèrèsé náà títí ohun tí ẹ ń wò á fi kan etí ihò níbi méjì, ó kéré tán. Ìgbà yẹn ni àlàfo náà á ní ìrísí tirẹ̀.

2. Ẹ wo ohun kan ṣoṣo fún ọjọ́ 7

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbé ife funfun kan sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ má sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ọpọlọ á ti sọ fún yín pé funfun ni, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ di ojú ní ìdajì kí nǹkan lè ṣú díẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó kẹ̀yìn sí fèrèsé lè ṣókùnkùn ju aṣọ aláwọ̀ eérú tí ìmọ́lẹ̀ bà lọ. Ẹ wo ìdí ife náà: bí tábìlì bá pupa, pupa náà á máa gun ara ife láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo òjìji rẹ̀: etí rẹ̀ mú ṣáṣá níbi tó ti kan ìdí ife, ó sì ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń jìnnà. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ojú ọ̀run kò tíì ṣú tán, ẹ tan iná gílóòbù tó pọ́n díẹ̀. Òjìji á di méjì. Èyí tí gílóòbù dá á ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń tàn sí i. Èyí tí fèrèsé dá á pọ́n bí ọsàn, torí iná ló ń tàn sí òun.

Ohun tó ń mú ẹlòmíràn jáwọ́ ni pé ní ọjọ́ kẹta, ó máa ń dà bí ẹni pé ife náà ti tán. Kò tíì tán. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló tán lẹ́nu yín. Ẹ lọ bá a ní wákàtí mìíràn. Láàárín 1890 sí 1891, bíi 25 ni àwòrán tí Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, yà nípa òkìtì ọkà tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Òkìtì náà kò pààrọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pààrọ̀.

3. Ẹ kọ ìdí tí ojú fi dúró

Ìṣẹ́jú 3 ti tó fún ojú ewé kan. Ẹ yà á wàrà-wàrà, kí ẹ kọ déètì, àsìkò, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó dá ojú yín dúró. “Ilẹ̀kùn” kò tó. “Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn” ló máa wúlò lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ má fi fóònù rọ́pò ìwé. Kámẹ́rà fóònù máa ń sọ òjìji di mímọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, yóò sì gba gbogbo nǹkan wọlé láìyan ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yà á ná.

4. Ẹ jẹ́ kí ògiri bá yín sọ̀rọ̀

Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́, gba àwọn ayàwòrán níyànjú pé kí wọ́n máa tẹjú mọ́ ògiri tó ní àbàwọ́n, torí òkè, igi àti ojú èèyàn lè yọ níbẹ̀. Ní 1925, Max Ernst, ayàwòrán ará Jámánì, gbé bébà lé pátákó ilẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù ra á, ìlà ara pátákó náà sì yọ sórí bébà. Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ lo bébà fẹ́lẹ́, ẹ dá pẹ́ńsù dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra á jẹ́jẹ́. Bébà tó nípọn kì í gbé ìrísí ilẹ̀ jáde. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, ó lè ya. Ẹ yí bébà náà sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó pinnu ohun tó jọ.

5. Ẹ so ohun méjì pọ̀

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ mú ojú ewé méjì tí kò tẹ̀léra nínú ìwé náà. Ní 1942, Picasso, ayàwòrán ará Sípéènì, so ìjókòó kẹ̀kẹ́ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó di orí akọ màlúù. Ẹ fa àpótí 6 tó kéré bíi páálí ìṣáná, ẹ ya ohun tó wà ní ojú ewé méjèèjì pa pọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 2 fún àpótí kan. Ẹ̀kíní àti ìkejì sábà máa ń jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ì bá yà. Ẹ má dúró níbẹ̀, torí láti ìkẹrin lọ ni ọwọ́ ti máa ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbé òun nìkan sórí bébà ńlá.

Kí àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó pé, ẹ má wo iṣẹ́ ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá wò ó ṣáájú, ojú á ti kún, ohun tí wọ́n yà ni ọwọ́ yín á sì máa tún yà.

Bí ọkàn bá gbẹ pátápátá, ẹ lo àwọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í lò ya bàtà yín. Ẹ má ju ìwé tó bá kún nù. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ ṣí i padà, kí ẹ fi ìwé pélébé sàmì sí ojú ewé tí ẹ kò kà sí lọ́jọ́ tí ẹ yà á; inú wọn ni kí ẹ ti mú ojú ewé méjì tí ẹ máa so pọ̀ tẹ̀ lé e.